Ẹ̀rọ Bàbá Oní-fáànù Tó Ń Yadi Lọ́jọ́ Ìpè Orúkọ

Ẹ jọ̀ọ́, ohun yòówù kí ẹ máa ṣe lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná kí ẹ gbọ́ èyí. Mi ò lè dá a gbé mì. Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gbé fóònù wá fún mi láti tún ṣe ní Ìkòtún, àwọn mìíràn á gba fóònù wọn, wọ́n á máa wò mí bíi pé orí mi ti yí díẹ̀. Kò burú. Ó ṣojú mi kòrókòró, àpá rẹ̀ sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ bàbá kan ni. Múrítàlá Ọláoyè lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Baruwa ló ń gbé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Múrítàlá ládùúgbò yẹn, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Bàbá Oní-fáànù ni kí ẹ béèrè. Fáànù tó bá jóná, tí kọ́ìlì inú rẹ̀ ti dúdú bí èédú, òun ló máa ń tú u, tí á fi wáyà tuntun wé e padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń dirun. Ìyá mi ló rán mi lọ síbẹ̀ pẹ̀lú fáànù wa lọ́dún 2011. Mo mọ̀ pé mo gbé fáànù lọ. Bí mo ṣe gbé e padà délé ni mi ò rántí, torí ohun tí mo rí lórí tábìlì bàbá yẹn.

Àpótí irin ńlá kan ni, àwọ̀ eérú, ó wúwo débi pé tábìlì náà ti tẹ̀ láàárín. Bọ́tìnnì yíyí kún ojú rẹ̀. Ojú gíláàsì kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà ń gbabẹ̀ kọjá bí wọ́n bá ń yí i, abẹ́rẹ́ tín-ínrín kan sì ń mì jẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, irú rédíò wo lèyí?"

"Asọ̀rọ̀mágbèsì ni tilé yín," ni bàbá wí. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára kọ́ìlì tó ń wé. "Èyí ń gbèsì. Bí mo bá sọ̀rọ̀ síbẹ̀ báyìí, ẹni tó wà ní Kàdúná lè dá mi lóhùn."

"Ibo ni wọ́n ń ki sím sí níbẹ̀?"

"Sím kẹ̀! Ẹ̀rọ yìí ti ń sọ̀rọ̀ kí ìyá ẹ tó mọ bàbá ẹ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá dìde, ó mú gílóòbù kan, irú èyí tí ẹ fi ń tanná sí balùwẹ̀ yín gan-an, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn àpótí náà. Ó tan ẹ̀rọ. Nínú ihò kan lẹ́yìn rẹ̀, ìgò kéékèèké méjì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹyin iná. Fáàfù ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ló ń fún ohùn lágbára kó tó jáde sórí afẹ́fẹ́. Ó fún mi ní ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, ó ní kí n tẹ etí rẹ̀, kí n sọ orúkọ mi.

Mo tẹ̀ ẹ́. "Súmbọ̀."

Gílóòbù náà tàn! Mo dákẹ́, ó kú. Mo ní, "Súmbọ̀, ọmọ Ìkòtún!" Ó tún ń tàn, ó ń kú, ó ń bá ẹnu mi lọ, bí mo bá pariwo á mọ́lẹ̀ gbòò, bí mo bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ á rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ̀yin èèyàn, ohùn mi ló ń tanná! Kò sí wáyà iná kankan lára gílóòbù yẹn ju ti àpótí náà lọ. Mo jáwọ́ níbẹ̀, mo ké yèè, mo tún sáré padà lọ tẹ̀ ẹ́.

Màmá Jàfárù, ìyàwó bàbá, yọjú láti kíṣìnì. "Ó ti rí ẹni tó máa kó o ràn nìyẹn," ló wí, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ó kó o ràn mí lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti pa ìsọ̀ mi dé nírọ̀lẹ́, mo ti wọ kẹ̀kẹ́ nìyẹn, ó di Baruwa.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìtàn bàbá. Nígbà èwe rẹ̀, inú ọkọ̀ òkun ló ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá kótópó kan ló máa ń jókòó sí lókè ọkọ̀, òun ló ń bá èbúté sọ̀rọ̀ pé àwọn ti ń bọ̀, pé òkun ń ru, pé ara ẹnì kan ò yá nínú ọkọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn tán, tó padà sórí ilẹ̀, kò rí ohun tó máa fi ẹnu rẹ̀ ṣe. Ó gba ìwé àṣẹ ìjọba, ó ra ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kẹ́rù rẹ̀ lọ sílé, ó sì ń fi í bá àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nígbà náà sọ̀rọ̀, àwọn tó ti tú ká sí Ìlọrin, sí Àkúrẹ́, sí Kàdúná. Fáànù ló ń fún un ní oúnjẹ. Ẹ̀rọ yìí ló ń fún un ní orúkọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi: "Níta níbẹ̀ yẹn, oní-fáànù ni mí. Lórí afẹ́fẹ́, Ọláoyè ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á sì dúró kí n dáhùn."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yìí ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní Ìpè Orúkọ. Sátidé tó bá parí oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ wo ọgbọ́n wọn! Ọjọ́ yẹn, ìjọba ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn lójú títì títí di aago mẹ́wàá, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè purọ́ pé òun wà lọ́nà. Olútáyọ̀, tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń pè é. Bàbá ló kọ́ Olútáyọ̀ níṣẹ́ nínú ọkọ̀ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n ló sì ń pe bàbá títí dòní. Á pe orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, onítọ̀hún á fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn láti inú ẹ̀rọ ara rẹ̀. Fóònù ò sí nínú ẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ léra, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀.

Ibi tó wá bà mí lẹ́rù ni pé wọn kì í kàn yọ ọ́ ṣá. Wọ́n máa ń dákẹ́ fún un. Gbogbo wọn á gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ á pa lọ́lọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú, kí wọ́n tó lọ sórí orúkọ tó kàn.

Nígbà tí mo fi máa mọ bàbá, oṣù kan ti lọ tí wọ́n pè é, tí wọn ò gbọ́ ọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin ń gbọ́ wọn?"

"Mò ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri. Olútáyọ̀ ń pè mí, mò ń dáhùn, ó tún ń pè mí."

"Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́! Èmi náà sọ̀rọ̀ síbẹ̀, gílóòbù tàn!"

"Lónìí ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, abẹ́rẹ́ yìí, tó yẹ kó gòkè kó sì sọ̀ bí ohùn bá ń jáde dáadáa, kàn gòkè lọ, ó kọ̀, kò sọ̀ mọ́. Àwo irin inú fáàfù pọ́n bí ata rodo. Mo sáré pa á kó má bàa jó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà, mo tún tan án, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tó yadi lọ́jọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀? Mo ní, "Bàbá, a máa rí i." Ẹnu mi yá jù, mo mọ̀.

A tú u palẹ̀. Bàbá ní òfin kan lórí ẹ̀rọ yẹn: ọwọ́ kan nínú àpótí, ọwọ́ kejì nínú àpò. "Bí o bá sì ti paná, má rò pé ó ti kú o." Mo ní mo ti gbọ́. Èmi tí mò ń tú fóònù látàárọ̀ dalẹ́, kí niná fẹ́ fi mí ṣe? Mo fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ láti nu eruku ara kàpásítọ̀ gàgàrà kan, èyí tó ń tọ́jú iná sínú.

Gbàù!

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀yìn mi lu kọ́bọ́ọ̀dù, sukudiráfà mi fò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnu mi la sílẹ̀, ohùn kankan ò jáde. Màmá Jàfárù sáré wọlé tòun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Ó ti kú?"

"Kò kú," ni bàbá wí. Ó fi sukudiráfà tirẹ̀ kan orí kàpásítọ̀ náà mọ́ ara irin, iná sì tún bú jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, gbàù, láti inú ẹ̀rọ tí kò sí lára iná rárá! "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni."

Ìyẹn nìkan ti tó ohun ìyanu fún mi fún ọ̀sẹ̀ kan. A pààrọ̀ kàpásítọ̀ tó ti wú. A fi léèdì tuntun jó gbogbo ojú wáyà tó ti gbẹ pọ̀. Mo tọ wáyà àńtẹ́nà láti ìdí ẹ̀rọ, ó gba ojú fèrèsé jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó na tàn-àn láti ibẹ̀ dé ara òpó irin tó wà lẹ́bàá kànga. Kò já níbì kankan. Mo padà wọlé, mo ní àńtẹ́nà ò lẹ́bi.

Sátidé ìparí oṣù tún dé. Èmi há mọ́lé ní Ìkòtún nítorí ìmọ́tótó, mo ń fi igbálẹ̀ lu ilẹ̀ bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà, ọkàn mi wà ní Baruwa. Bí aago mẹ́wàá ṣe lù, mo fò sórí ọ̀kadà. Kí n tó débẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà ti gba àkókò mi. Mo bá bàbá lórí àga, ó fọwọ́ lérán.

"Ó tún ṣe é," ló wí.

Mo tan ẹ̀rọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bó ṣe yẹ kó ṣe. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Màmá Jàfárù ń ká aṣọ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń rẹ́rìn-ín. "Láti Mọ́ńdè dé Fráídè, ẹnu ẹ̀ ò dákẹ́. Ọjọ́ ìpàdé, á di odi. Ẹ̀rọ yìí, ojú ló ń tì í, jàre."

"Jẹ́ ká gbọ́rọ̀," ni bàbá wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Súmbọ̀, bó bá tún ṣe é lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á dákẹ́ fún mi. Màá sì wà níbí, màá máa gbọ́ ọ."

Ó wọ̀ mí lára. Ẹ fojú inú wò ó, kí èèyàn jókòó nínú yàrá rẹ̀, kó máa gbọ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe òkú rẹ̀.

Ọkàn wa lọ sórí fáàfù méjèèjì. A ní ó ti rẹ̀ wọ́n, pé iṣẹ́ ọjọ́ náà ló ń pọ̀jù fún wọn. Ṣùgbọ́n irú wọn ò sí lọ́jà mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní káfẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ mi, ni mo bá rí i pé àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè ń fi fáàfù inú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ rọ́pò rẹ̀! Tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun, oníkòkò ẹ̀yìn yẹn! Mo sáré lọ bá Zikrullah tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ìkòtún. Òkú tẹlifíṣọ̀n kún ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ bí òkìtì.

"Fáàfù?" ni Zikrullah wí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ni? Kó gbogbo ẹ̀, kí ilẹ̀ mi lè mọ́."

Nígbà tí bàbá rí wọn, ojú rẹ̀ tàn. Wọ́n tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n lágbára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ìdí wọn ò bá ihò tó wà nínú ẹ̀rọ mu, iná tó ń mú ikùn wọn gbóná sì ju èyí tó wà nínú ẹ̀rọ lọ fíìfíì. Èmi rò pé ó ti parí nìyẹn. Àṣé ẹni tó ń wé kọ́ìlì fáànù ni mo bá jókòó! Bàbá fa òkú sitabiláísà kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó tú tiráńsífọ́mà inú rẹ̀, ó wé wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kà á sínú, ètè rẹ̀ ń mì. Èmi ń lu ihò sára irin, mò ń jó wáyà pọ̀. A bá a fà á títí. Lọ́jọ́ tá a tan án, fáàfù tuntun yẹn pọ́n, wọn ò fọ́. Bàbá so gílóòbù mọ́ ọn bíi ti tẹ́lẹ̀, ó fẹnu súfèé sí i. Gílóòbù náà mọ́lẹ̀ yòò, funfun báláú, ó sì bẹ́ pòò sójú wa!

Mo jó yí tábìlì ká.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó ku ọjọ́ méjì sí Ìpè Orúkọ, bàbá fi fóònù pe Olútáyọ̀ pé kó tan tirẹ̀ kí àwọn dán an wò. Bàbá sọ gbólóhùn kan péré lórí ẹ̀rọ, ohùn Olútáyọ̀ sì dún padà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o! Ẹ fẹ́ fọ́ mi létí ni? Bíi pé ẹ wà ní pálọ̀ mi!"

"Ṣé ó ti tó, kí o kọ ọ́ pé o gbọ́ mi?"

Olútáyọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ṣe òfin náà. Sátidé ni."

Nítorí náà, lọ́jọ́ Fráídè mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá mi, mo lọ sùn sí yàrá Màmá Jàfárù, kí ìmọ́tótó má bàa há mi mọ́ Ìkòtún mọ́. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án yẹn.

Àárọ̀ Sátidé, gbogbo ilé ti jí. Àwọn kan ń kó ìdọ̀tí jáde nínú gọ́tà, àwọn kan ń bẹ́ koríko. Màmá Jàfárù àti Hàbíbátù, ayálégbé tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn, tẹ̀ ba lórí abọ́ ìfọṣọ. Ẹ̀wà ni Hàbíbátù ń tà ní Shasha, ìdájí ló máa ń jáde lójoojúmọ́, ọjọ́ ìmọ́tótó nìkan lọ́wọ́ rẹ̀ ń dilẹ̀.

"Súmbọ̀, wá bá wa fún búláńkẹ́ẹ̀tì yìí," ló wí.

"Àǹtí, ẹ má bínú, bàbá ń dúró dè mí."

"Lọ, jàre. Bá wa kí àwọn ará òṣùpá!"

Bàbá ti ti fèrèsé, ó ti fa kọ́tìnnì bò ó kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má bàa wọlé. Ó ti wọ fìlà. Aago mẹ́sàn-án lù, ohùn Olútáyọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ó kéré, ó jìnnà. Bàbá wò mí. Ó tẹ ẹ̀rọ láti yí i síbi tó yẹ.

Abẹ́rẹ́ gòkè. Kò sọ̀.

Ẹ̀rọ tó fẹ́ fọ́ etí èèyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè! Fáàfù tuntun, tiráńsífọ́mà tuntun, kàpásítọ̀ tuntun! Bàbá yí bọ́tìnnì sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, òógùn ń ṣàn lábẹ́ fìlà rẹ̀. Àwo inú fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Olútáyọ̀ ń pe orúkọ lọ ní tirẹ̀. Orúkọ bàbá ló máa ń wà lókè, ṣùgbọ́n bóyá àánú bàbá ń ṣe é, ó fò ó lọ ná, ó pe Àkúrẹ́, Àkúrẹ́ dáhùn. Ó pe Ìlọrin, ó dáhùn. Ó pe gbogbo wọn tán.

"Ọláoyè, Baruwa," ló wá wí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́?"

Bàbá tẹ̀ ẹ́. "Mò ń gbọ́ o! Ọláoyè ń dáhùn!"

"Ọláoyè, Baruwa."

"Mò ń dáhùn! Mo ní mò ń..."

Igbe ta lẹ́yìn ilé. "Yéè! Ó ń jó! Aṣọ mi ń jó o!"

Mo sáré jáde. Ohun tí mo rí, mo dúró bí igi. Wáyà àńtẹ́nà ti tẹ̀ wálẹ̀ lábẹ́ ẹrù: bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, kọ́tìnnì, búláńkẹ́ẹ̀tì ńlá. Lópin rẹ̀ pátápátá, níbi tí bàbá fi rọ́bà sílípáàsì ya wáyà sọ́tọ̀ kúrò lára òpó irin, Hàbíbátù ti fi ìró nínípọn kan kọ́ ọ, apá kan lórí wáyà, apá kan lára irin. Omi ń kán lára ìró náà tótótó. Èéfín sì ń jáde lára rẹ̀! Aṣọ tútù o! Mo ṣì ń wò ó nígbà tí mo gbọ́ ohùn bàbá láti inú ilé, "Ọláoyè ń dáhùn!" Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni èéfín náà ń rú, bó ṣe dákẹ́ ni èéfín dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá ló ń jó lára ìró Hàbíbátù!

Mo ti na ọwọ́ kí n tó ronú. Ó ta mí ní àtẹ́lẹwọ́ bí ẹnu sìgá. Mo figbe bọnu: "Bàbá, ẹ dákẹ́! Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́! Ẹ jáde wá!"

Bàbá jáde. Ó wo wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Ta ló sáṣọ sórí àńtẹ́nà mi?"

"Àńtẹ́nà wo?" ni Màmá Jàfárù wí. "Okùn ìsáṣọ mi nìyẹn."

"Okùn kí ni?"

"Èyí tí ẹ so fún mi! Mo lọ síbi ìkómọjáde ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo dé, mo bá a níbẹ̀. Láti ọdún wo ni mo ti ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ so okùn fún mi? Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo ṣàdúrà fún yín, ẹ ṣe àmín!"

"Mo rò pé o ń kí mi torí fáànù tí mo tún ṣe fún ẹ ni! Onílé ló ní láìpẹ́ yìí pé kí n sọ àńtẹ́nà kalẹ̀ lórí òrùlé, pé ó máa pe mànàmáná, ni mo fi nà án síbí!"

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Wáyà kọ́pà ni! Ta ló ń fi kọ́pà sáṣọ?"

"Ta ló ń fi okùn aṣọ bá Kàdúná sọ̀rọ̀?"

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Gbogbo ìparí oṣù, Màmá Jàfárù àti Hàbíbátù ló ń fọ àwọn aṣọ ńlá wọn láàárọ̀ ìmọ́tótó, tí wọ́n ń sá a síbẹ̀. Kí n tó ti Ìkòtún dé, oòrùn ti gbẹ ẹ́, Màmá Jàfárù ti ká a wọlé. Níṣojú mi ló ṣe ń ká a sórí àga lóṣù tó kọjá, tó ń fi ẹ̀rọ ṣe yẹ̀yẹ́!

Láti inú ilé la ti gbọ́ ohùn Olútáyọ̀, ó rẹ̀wẹ̀sì. "Ọláoyè, Baruwa." Ìkẹta nìyẹn. "A ò gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún un."

Ẹ̀rọ pa lọ́lọ́.

Ẹ ò rí bí ojú bàbá ṣe rí. Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ́ mọ́ aṣọ. "Ẹ já a! Ẹ já gbogbo ẹ̀!" Màmá Jàfárù fa kọ́tìnnì ya. Búláńkẹ́ẹ̀tì já bọ́ sínú ẹrẹ̀ ẹ̀bá kànga, Hàbíbátù ń ké pé, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni!" òun náà sì ń fa bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Bàbá ti yíjú, ó ti ń sáré lọ tòun ti sílípáàsì ẹsẹ̀ kan. Mo fa ìró yẹn kúrò lára irin, wáyà náà ta padà sókè, fíìn, mo sì kígbe, "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀!"

"Èmi Ọláoyè nìyí, ní Baruwa! Ẹ gbé ìdákẹ́jẹ́ yín kúrò lórí mi, mi ò tíì kú!"

Nǹkan kan ò dún. Mo sáré wọlé. Abẹ́rẹ́ náà wà nísàlẹ̀, ó fara balẹ̀, àwo inú fáàfù dúdú minimini bó ṣe yẹ. Bàbá di tábìlì mú.

"Yéè!" Ohùn Olútáyọ̀ ni. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin ni, àbí iwin yín?"

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pọ̀, ariwo gba yàrá kan, ẹ̀rín, igbe, ẹnì kan ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ẹni tó wà ní Kàdúná, Julius, agídí èèyàn ni, ló la ohùn kọjá wọn. "Òfin lòfin. A ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta, a ti dákẹ́ fún un. Ó ti lọ."

"Ẹ ò tíì dákẹ́ tán!" ni bàbá wí. "Mo já a mọ́ yín lẹ́nu!"

Wọ́n fà á síwá sẹ́yìn. Mo ti fi eyín gé èékánná mi tán. Níkẹyìn, Olútáyọ̀ dá a pé orúkọ bàbá kò ní kúrò, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ín, kò ní wà lókè mọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa wà, lẹ́yìn àwọn tó kọ́ níṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀. "Ìsàlẹ̀ náà dáa," ló wí. "Ẹ ṣá máa pè mí."

Màmá Jàfárù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, búláńkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá wò ó, ó na ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí náà sí i. Láti ọdún tí ẹ̀rọ yẹn ti wà nílé wọn, Màmá Jàfárù kò fọwọ́ kàn án rí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbẹ́nu sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ìyàwó rẹ̀ ni. Èmi ni mo ń sáṣọ lé yín lórí."

Ẹ̀rín tó bú jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kàdúná, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n ò jẹ́ kó lọ mọ́. Wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn, ó jókòó sórí àga bàbá, òun àti Julius bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jiyàn. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó, ẹnu rẹ̀ kò pa dé.

Mo mọ̀ pé ẹ ò gbà mí gbọ́. Èmi náà, bí kì í bá ṣe pé mo wà níbẹ̀, mi ò ní gbà. Nítorí náà, ẹ má jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa bá mi jiyàn. Ẹ lọ sí Baruwa, ẹ béèrè Bàbá Oní-fáànù, ọmọdé á mú yín débẹ̀. Ẹ lọ nírọ̀lẹ́ Fráídè tó bá ṣáájú Sátidé ìparí oṣù, kẹ́ ẹ wá ibi sùn sí ládùúgbò, kí aago mẹ́sàn-án lè bá yín nínú yàrá yẹn. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi pe orúkọ gbogbo àwọn yòókù tán. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá wá pe orúkọ bàbá nísàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì fi ojú ara yín wo ojú bàbá yẹn bó bá ń dáhùn.